Ẹ Kó Èyí Tó Ṣẹ́kù Jọ



Ẹ sọ fún ẹni tó jókòó tì yín pé, "Má da àjẹkù nù." Ẹ tún un sọ bí ẹni tó dá lójú!

Ẹ bá mi lọ sí ìwé Jòhánù orí kẹfà. Ẹ mọ ìtàn náà. Àwọn ọkùnrin ibẹ̀ tó bí 5,000. Búrẹ́dì márùn-ún àti ẹja kékeré méjì, tó jẹ́ ti ọmọdékùnrin kan, ni Jésù fi bọ́ wọn. Gbogbo wọn yó. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa máa ń pa Bíbélì dé sí. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí wọ́n yó tán, Jésù ní kí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ ṣa èyí tó kù. Wọ́n ṣa á, agbọ̀n 12 ló kún. Ẹni tó lè sọ búrẹ́dì márùn-ún di púpọ̀, kí ló fẹ́ fi èérún ṣe? Ó fẹ́ kí á mọ̀ pé ẹni tí Ọlọ́run ṣe lóore kì í fojú tín-ín-rín èyí tó kù.

Kí ló mú mi sọ èyí lónìí? Ọlidé ńlá ń parí lọ ni. Láti òpin oṣù keje ni àwọn ọmọ wa ti wà nílé. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé, Mọ́ńdè ni wọn yóò wọlé, kì í ṣe ti ọ̀la o, èyí tó tẹ̀lé e. Ẹ bá mi kà á: láti ọ̀la títí di ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, ọjọ́ méje ni. Mo ń gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ lọ́kàn: "Pásítọ̀, ọlidé ti tán jàre. Kí ni ọjọ́ méje fẹ́ ṣe?" Èérún lẹ̀yin ń wò, agbọ̀n 12 lèmi ń wò.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ní ọdún 2002, àkọ́bí wa ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 11. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gba ọlidé ló ti ń bẹ̀ mí pé kí n gbé òun lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Èmi náà ń dáhùn pé, "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." Ẹ̀yin bàbá, ṣé ẹ mọ "ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀" yẹn? Kì í dé! Ìpàdé wà, ìsọjí wà, ọkọ̀ bàjẹ́, ó wá ku ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Ìyàwó mi ní kí á jẹ́ kó lọ lo ọjọ́ mẹ́ta péré lọ́dọ̀ màmá. Mo ní rárá, mo ti san owó lẹ́sìn, owó mi ò gbọdọ̀ ṣòfò. Ọmọ lọ sí lẹ́sìn. Màmá ti tọ́jú gààrí àti ẹ̀pà dè é.

Nínú oṣù kọkànlá ọdún yẹn, màmá lọ sí ilé Olúwa. Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ yìí wá bá mi nínú yàrá. Kò sunkún. Ó kàn bi mí pé, "Dádì, kí ni wọ́n kọ́ mi ní lẹ́sìn lọ́sẹ̀ yẹn? Mi ò rántí." Èmi náà ò mọ̀. Owó ni mo dù, ọjọ́ ni mo dà nù.

Lẹ́sìn ò burú o. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú; bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo ti wo ẹ̀yìn fún yín. Ẹ gba nǹkan mẹ́rin yìí lọ́wọ́ mi.

Èkíní, ẹ jókòó ti ọmọ yín lálẹ́ òní. Ẹ pa tẹlifíṣàn, kódà bó jẹ́ èmi ni mò ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀! Ẹ kọ ọjọ́ méjèèje sínú bébà, kí ẹ wá bi í pé, "Kí lo retí nínú ọlidé yìí tí a ò tíì ṣe?" Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́. Ohun tó máa sọ lè má tó ohun tí ẹ ń bẹ̀rù. Òmíràn á ní òun kàn fẹ́ kí Dádì bá òun gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ mú ẹyọ kan, kí ẹ ṣe é. Ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo.

Ìkejì, ẹ san gbèsè ìlérí. Bó bá jẹ́ ilé màmá àgbà ni, ẹ lọ lọ́jọ́ Túsìdeè, ẹ má dúró de Sátidé. Bí owó ọkọ̀ ò bá sí, ẹ pe màmá lórí fóònù, kí wọ́n ki ọmọ ní oríkì rẹ̀. Oríkì ò gba kọ́bọ̀. Bó bá jẹ́ ìrìn-àjò ni, ẹ̀yin ará Èkó lè dé Badagry. Ilé alájà tí àwọn míṣọ́nárì kọ́ parí lọ́dún 1845 ṣì wà níbẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni Àjàyí Crowther gúnlẹ̀ sí ìlú náà. Ẹ sọ fún ọmọ yín pé ọmọdé ni Crowther nígbà tí wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣóògùn lọ́dún 1821, àti pé òun wà lára àwọn tó túmọ̀ Bíbélì tí à ń kà ní Yorùbá.

Ìkẹta, ara wọn. Ọmọ ọdún 6 sí 12 yẹ kó sùn fún wákàtí 9 sí 12 lóòjọ́. Ọmọ ọdún 13 sí 18, wákàtí 8 sí 10. Ọmọ tó ti ń sùn ní aago méjìlá òru láti oṣù keje, ẹ ò lè fi ariwo mú un sùn lálẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fà á sẹ́yìn lálaalẹ́ láti òní, kí ẹ sì máa tètè jí i. Tó bá di Sátidé, yóò ti máa sùn ní aago mẹ́jọ ààbọ̀. Bí tíṣà bá sì ní kì í da iṣẹ́ ojú pátákó kọ dáadáa, kí ẹ tó nà án, ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ ojú wò.

Ìkẹrin, ẹrù wọn. Ọ̀la ni kí ó wọ yunifọ́ọ̀mù àti bàtà wò, kì í ṣe alẹ́ Sọ́ńdè. Ó ti ga sí i! Èyí tí kò gbà á mọ́, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fún ọmọ aládùúgbò. Báàgì tí ṣúmékà lè rán, ẹ má yáwó ra tuntun.

Mo mọ̀ pé ìyá kan ń gbọ́ mi tí ọmọ rẹ̀ ti ń kiri omi tútù láti ìgbà tí ilé ìwé ti tì, nítorí owó ilé ìwé. Mi ò bú yín, ìyá mi. Ṣùgbọ́n nínú ọjọ́ méje yìí, ẹ fún un ní ọjọ́ kan. Kó sùn, kó ṣeré, kó jẹ́ ọmọdé. Ẹ̀yin tí Ọlọ́run sì fi jíǹkí, ẹ wo ilé kejì yín. Ìwé àjákọ márùn-ún tí ẹ bá rà lè dá ọmọ yẹn kúrò lójú títì.

Ọmọ tí mo sọ ìtàn rẹ̀ ti di bàbá báyìí. Nínú ọlidé yìí, ó gbé ọmọ tirẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Kò sọ fún mi pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lòun ń bọ̀. Mo kàn gbọ́ tí wọ́n kan ilẹ̀kùn ni. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n lò, mo sì ka ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ẹ dìde, ẹ gbé ọwọ́ lé orí àwọn ọmọ yín. Olúwa, ọjọ́ tí a ti fi ṣòfò, dárí rẹ̀ jì wá. Èyí tó kù, má jẹ́ kó jábọ́ lọ́wọ́ wa. Àwọn ọmọ wa yóò wọlé ní àlàáfíà, àwọn òbí wa yóò pẹ́ fún wa. Ní orúkọ Jésù Krístì. Àmín!