Kí Ni Ó Ń Sọ Iye Àwọn Tí Yóò Gba Oyè Yunifásítì Láàrin Wa?



Láti ọdún 2023 tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Kogí ti dá Yunifásítì sílẹ̀ ní Kàbà ni àwọn kan ti ń wí pé ọmọ wa tí yóò gboyè yóò di púpọ̀ wàyí. Ọ̀rọ̀ ayọ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Ní oṣù October 1962 tí a ṣí Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria fún Apá Àríwá, níbi tí a ka àwa náà mọ́ nígbà náà, akẹ́kọ̀ọ́ 426 ni ó wọlé. 147 péré nínú wọn ni ọmọ Àríwá. Kì í ṣe pé a ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn tí ó ti jáde ní ilé-ìwé girama ni kò tó.

Ìdí nìyí tí mo fi ka Titcombe College, tí àwọn míṣọ́nnárì SIM dá sílẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ̀ ní 1951, sí ohun ribiribi. Ọdún mọ́kànlá ni ó fi ṣáájú Yunifásítì Zaria. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní January 1955, àwọn aládùúgbò wa ní Èkìtì jẹ nínú rẹ̀; kò kàn wá, nítorí abẹ́ Kàdúná ni a wà. Owó oko ni àwọn òbí wa fi rán ọmọ. Lójú tèmi, olùkọ́ físíìsì kan ní girama abúlé níye lórí ju géètì Yunifásítì tí a kùn lọ́dà lọ.

Wíwọlé sì yàtọ̀ sí jíjáde. Ní 2022, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ Yunifásítì gba oṣù mẹ́jọ, láti February títí di October. Ọmọ tí ó padà sílé láìní iṣẹ́ lè gun ọ̀kadà, kí ó rí owó díẹ̀, kí ó sì gbàgbé ìwé.

Ní ti owó, láti 2024 ni Ìjọba Àpapọ̀ ti ń yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba lówó láìsí èlé, nípasẹ̀ àjọ NELFUND. Ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ni a ń san owó ẹ̀kọ́ fún. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ti ń tọrọ rẹ̀. Kí ọmọ tí ó bá fẹ́ ẹ mú nọ́ńbà NIN, BVN àti ti JAMB rẹ̀ lọ́wọ́.