Ọmọ Mélòó Ló Kù Sílé?

Nínú Lúùkù orí 15, olùṣọ́-àgùntàn kan ní ọgọ́rùn-ún àgùntàn, ọ̀kan sì sọnù. A máa ń wàásù lórí bó ṣe wá a rí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: báwo ló ṣe mọ̀ pé ọ̀kan ti sọnù? Ó kà wọ́n ni.

Ìtàn ìyá kan tó mọ bí a ti ń kà ni mo mú wá fún yín. Marian Wright Edelman ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní 1939 ní Bennettsville, ìpínlẹ̀ South Carolina, ní Amẹ́ríkà. Pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni bàbá rẹ̀. Láyé ìgbà náà, wọn kì í jẹ́ kí ọmọ aláwọ̀ dúdú ṣeré níbi ìṣeré ìlú. Bàbá yìí ṣe ibi ìṣeré fún wọn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn arúgbó aláwọ̀ dúdú kò rí ibi tí wọ́n ti lè tọ́jú wọn. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ṣí ilé ìtọ́jú fún wọn. Ibẹ̀ ni Marian ti kọ́ pé ìsìn kò parí sórí pẹpẹ.

Ó gboyè nínú ìmọ̀ òfin ní Yale ní 1963. Kàkà kó máa lépa owó, Mississippi ló lọ, ó ń gba ẹjọ́ rò fún àwọn tí wọ́n ń tì mọ́lé nítorí pé wọ́n ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn. Òun ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà láti ṣe lọ́yà ní ìpínlẹ̀ náà. Ní 1967, ó sọ fún àwọn aṣòfin àgbà pé ebi ń pa àwọn ènìyàn níbẹ̀. Ìròyìn kò tó àfojúbà: Sẹ́nétọ̀ Robert Kennedy wá, ó wọ ilé àwọn tálákà, ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Ní 1973, ó dá ẹgbẹ́ Children's Defense Fund sílẹ̀. Wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ ètò ìkànìyàn 1970 wò, wọ́n rí i pé nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì ọmọ ọdún 7 sí 17 ni kò sí nílé ìwé. Níbo ni wọ́n wà? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kan ilẹ̀kùn láti ilé dé ilé. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń kan ilẹ̀kùn ni Hillary Rodham, tó di Hillary Clinton lẹ́yìn náà. Ní New Bedford, ó bá ọmọbìnrin kan lórí kẹ̀kẹ́ arọ, tó ń fẹ́ lọ sílé ìwé, ṣùgbọ́n tí kò sí ọ̀nà.

Wọ́n tẹ ìròyìn wọn jáde ní 1974. Ní 1975, Ààrẹ Gerald Ford buwọ́ lu òfin tó fún gbogbo ọmọ tó jẹ́ akàndá ẹ̀dá ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nílé ìwé ìjọba. Kì í ṣe ẹgbẹ́ yìí nìkan ló jà fún un. Àwọn òbí àti ẹgbẹ́ mìíràn jà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí wọ́n ti kà wọ́n, ta ló tún lè sọ pé òun kò mọ̀?

Edelman darí ẹgbẹ́ náà fún ohun tó ju ogójì ọdún lọ. Ní 2000, Ààrẹ Clinton fi àmì ẹ̀yẹ Presidential Medal of Freedom dá a lọ́lá.

Ẹ̀yin ará, àwa náà ń kà. A ń ka iye ènìyàn tó wá sí ìsìn, a ń ka owó ọrẹ. Ta ló ń ka àwọn tí kò wá? Ọmọ tí wọ́n fi pamọ́ sí yàrá ẹ̀yìn nítorí ìtìjú, a ti gbàdúrà ìwòsàn fún un, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló bi ìyá rẹ̀ pé ilé ìwé wo ló ń lọ? Bí a bá ṣe àmín tán tí a kò béèrè, ibi tí a ti bá a náà la fi í sílẹ̀ sí.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ mú ìwé àti bírò. Ẹ ya ilé mẹ́wàá ní àdúgbò yín. Ẹ fi ọ̀wọ̀ bá àwọn òbí sọ̀rọ̀, ẹ mọ ọmọ tí kò lọ sílé ìwé àti ohun tó dá a dúró. Lẹ́yìn náà, ẹ bá ìyá rẹ̀ lọ rí ọ̀gá ilé ìwé. Bí wọ́n bá dá yín padà, ẹ tún lọ.

Kí Olúwa là wá lójú láti rí ẹni tí kò sí láàárín wa. Àmín.