Títún Ẹsẹ̀ Iwájú Ọkọ̀ Àtijọ́ Ṣe Nílé



Àwọn kan nínú wa ṣì ń tọ́jú Peugeot 504, ọkọ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tò ní Kàdúná ní ọdún 1975. Bí iwájú rẹ̀ bá ń dún nínú kòtò, tí táyà sì ń jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ wo ṣọ́ọ̀kì àti àwọn bọ́ọ̀ṣì rọ́bà ìsàlẹ̀. A lè tún wọn ṣe nílé, ṣùgbọ́n kí a má fi ẹ̀mí wa wéwu.

Ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Ẹ gbé e lé irin ìdúró, kí ẹ sì fi òkúta há táyà ẹ̀yìn.

Sípíríngì ni ewu ńlá. Iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́: bó ti wù kí ó gbó tó, agbára wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá tú nọ́ọ̀tì òkè ṣọ́ọ̀kì láìkọ́kọ́ fi irin ìfúnpọ̀ di sípíríngì mú, ó lè ta jáde kí ó pa á. Ẹni tí kò ní irin yìí, kí ó gbé e tọ mẹkáníìkì lọ. Kì í ṣe ìtìjú.

Tọ̀tún-tòsì ni kí ẹ pààrọ̀ pọ̀. Ẹ má di bọ́ọ̀ṣì pa títí ọkọ̀ yóò fi fi táyà tẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ ṣe alaínmẹ́ǹtì.

Ọ̀nà ilé jìn, àwọn ọmọ wa ni a ń kó sínú rẹ̀. Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ wa lọ, ṣọ́ wa bọ̀.