Kíka Ìwé Inú Iṣu: Ẹ̀kọ́ Títọ́ka àti Ìfiwéra fún Ọmọ Awo



Bí a ti péjọ sí Òkè Ìtasẹ̀ yìí, ẹgbodò wà níwájú Ifá. Ìdí nìyí tí a fi mú iṣu ṣe ẹ̀kọ́ ọdún yìí. Kì í ṣe adùn rẹ̀ lẹ́nu ni a fẹ́ sọ, bí kò ṣe ìwé tí ó wà nínú rẹ̀.

Ènìyàn, ewúrẹ́, iṣu, olú inú igbó, gbogbo wọn jẹ́ ẹ̀dá tí sẹ́ẹ̀lì wọn ní kóró nínú. Inú kóró yìí ni DNA pọ̀ sí jù, tí a fi lẹ́tà mẹ́rin péré kọ: A, C, G àti T. Àpapọ̀ lẹ́tà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni àwọn onímọ̀ ń pè ní jínóòmù. Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ láti Japan àti ilẹ̀ mìíràn, pẹ̀lú àwọn ti IITA ní Ìbàdàn, tẹ jínóòmù iṣu funfun jáde. Lẹ́tà bíi mílíọ̀nù 594 ni wọ́n tò jọ, wọ́n sì tọ́ka sí jíìnì 26,198 nínú rẹ̀. Wọ́n tún rí àmì tí a fi lè mọ akọ yàtọ̀ sí abo nígbà tí iṣu ṣì wà ní ọ̀jẹ̀lẹ́, kí ó tó yọ òdòdó rárá.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ títọ́ka yìí, nítorí ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Ọmọ tí ó kọ́ṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ lè wo ojú ọpọ́n kí ó sì sọ pé Ọ̀yẹ̀kú nìyí, Ìwòrì nìyí. Ṣùgbọ́n mímọ ojú Odù kì í ṣe mímọ Ifá. Ẹsẹ tí ó bá ọ̀ràn mu, ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí ó parí sí, ẹbọ tí ó tẹ̀lé e, ohun tí ń gba ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni jínóòmù rí. Ẹ̀rọ lè ka lẹ́tà láàrin ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí àyè láàrin ọ̀rọ̀, kò sì sí àmì ìdánudúró. Akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò wá ibi tí ọ̀rọ̀ jíìnì ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí ó ti sábà máa ń bá ATG, àti ibi tí ó parí sí, tí í ṣe TAA, TAG tàbí TGA. Nínú ẹ̀dá tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ní kóró, ìṣòro mìíràn tún wà: jíìnì kan ṣoṣo máa ń pín sí abala-abala, tí ọ̀rọ̀ tí sẹ́ẹ̀lì yóò gé sọnù sì wà láàrin wọn. Lọ́pọ̀ ìgbà, GT ni ọ̀rọ̀ àárín yìí fi ń bẹ̀rẹ̀, AG ni ó fi ń parí. Ṣùgbọ́n GT àti AG pọ̀ káàkiri. Wọn kò tó ẹ̀rí. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ wá ẹlẹ́rìí. Èkíní ni RNA, ìyẹn ẹ̀dà tí sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ dà kọ láti inú jíìnì. Èkejì ni jíìnì tí ó jọ ọ́ lára ẹ̀dá mìíràn. Bí kọ̀ǹpútà bá ní jíìnì wà níbì kan, tí ẹlẹ́rìí kankan kò sì bá a sọ ọ́, akẹ́kọ̀ọ́ rere yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò tí ì dájú.

Ìfiwéra ni ìdajì kejì iṣẹ́ náà. Ní 2019, àwọn onímọ̀ kan fi jínóòmù iṣu 167 wéra, ti oko àti ti igbó. Wọ́n ní iṣu ẹgàn ni ó bí iṣu funfun, ní agbègbè odò Ọya. Ní 2020, àwọn mìíràn yẹ iṣu funfun 336 wò, wọ́n sì ní àdàlù ni: iṣu ẹgàn àti iṣu ọ̀dàn ni ó jọ bí i. Àwọn wọ̀nyí kan náà tún jínóòmù ti 2017 tò. Ọ̀wọ́ 21 tí a pín in sí tẹ́lẹ̀ di 20. Ojú kò tì wọ́n láti tún un ṣe. Àwa náà mọ irú iṣẹ́ yìí. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá tẹ Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá jáde ní 1968, ẹnu àwọn babaláwo ni wọ́n ti gba ẹsẹ inú rẹ̀ sílẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan wà o. Àwọn kan láàrin wa máa ń sọ pé bí a bá to lẹ́tà mẹ́rin náà ní mẹ́rin-mẹ́rin, ọ̀nà 256 ni yóò jẹ́, Odù sì jẹ́ 256, nítorí náà Ifá ni DNA. Ìṣirò náà tọ́, ṣùgbọ́n ìdájọ́ náà kò tọ́. Mẹ́ta-mẹ́ta ni sẹ́ẹ̀lì ń ka ọ̀rọ̀ jíìnì, ọ̀nà 64 sì ni ìyẹn. Ifá kò nílò àbùmọ́ kí ó tó níyì. Ohun tí ó so iṣẹ́ méjèèjì pọ̀ ni ìwà ẹni tí ń kà á: sùúrù, wíwá ẹlẹ́rìí, àti àìsọ ohun tí kò dáni lójú.

Kí ni ó kàn wá níbẹ̀? Onímọ̀ lè ka gbogbo lẹ́tà iṣu kan kí ó má mọ orúkọ rẹ̀, oko tí ó ti wá, tàbí ìdí tí àwọn ìyá wa fi yàn án fún iyán. Ní orílẹ̀-èdè Benin, àwọn àgbẹ̀ ń wa iṣu igbó wá sí oko, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ títí yóò fi di iṣu ilé. Àyẹ̀wò DNA ti jẹ́rìí sí i. Ìmọ̀ ọwọ́ àgbẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n iṣu tí àwọn bàbá wa ń fi orúkọ pè, iṣu lásán ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń pè é. Bí orúkọ bá kú, lẹ́tà nìkan ni yóò kù.

Nítorí náà, ohun méjì ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kí agbo ilé kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ iṣu tí ó mọ̀ sílẹ̀, iṣu funfun, ewùrà, igángán àti èsúrú, pẹ̀lú oko àti ìlò rẹ̀. Kí a sì rán àwọn ọmọ awo tí orí wọn pé sí ìṣirò lọ kọ́ iṣẹ́ títọ́ka àti ìfiwéra yìí, kí ó má jẹ́ pé àlejò nìkan ni yóò máa ka iṣu wa fún wa. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ọdún á yabo fún gbogbo wa. Àbọrú, àbọyè. Àṣẹ.