Olùkọ́ Tí Wọ́n Fi Owó Ìlú Sí Lọ́wọ́

(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ bá àwọn olùtọrẹ sọ ní ìpàdé wa ní Ìkòtún)

   

Olùkọ́ yunifásítì tó tún ń bá ìjọba tọ́jú owó ni wọ́n ní kí a sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹni tí ọ̀pọ̀ máa kọ́kọ́ rántí ni Sanusi Lamido Sanusi, tó kọ́ni ní ìmọ̀ ọrọ̀-ajé ní Yunifásítì Ahmadu Bello, Zaria, kí ó tó wọ iṣẹ́ báńkì, tó sì di gómìnà Báńkì Àpapọ̀ ní 2009. Ṣùgbọ́n ọmọ ilé kéwú bíi tiwa ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí: Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, ọmọ Abẹ́òkúta.

Kì í ṣe ìmọ̀ ìṣúná ni ó kọ́. Èdè Lárúbáwá ló kà, ìmọ̀ Islam ló fi ń kọ́ni ní Yunifásítì Ìlọrin, ibẹ̀ náà ló sì ti ṣe gíwá láti 2007 di 2012. Ní 2016 ìjọba fi í ṣe olórí JAMB. Nígbà tó di 2017, owó tí JAMB dá padà sápò ìjọba àpapọ̀ jẹ́ ₦7.8 bílíọ̀nù. Kí ó tó dé, mílíọ̀nù ni wọ́n fi ń ka ohun tó ń ti ibẹ̀ wá.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni òṣìṣẹ́ kan ní Makurdi sọ pé ejò ló gbé mílíọ̀nù 36 náírà mì. Owó káàdì tí àwọn ọmọ rà sẹ́yìn ni. Gbogbo ìlú rẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ejò kì í gbé owó tí rìsíìtì rẹ̀ wà nílẹ̀ mì. Oloyede ti pa títa káàdì rẹ́, kí owó má baà gba ọwọ́ òṣìṣẹ́ kọjá mọ́. Owó fọ́ọ̀mù sì wálẹ̀ láti ₦5,000 sí ₦3,500 fún ìdánwò 2019. Ẹ̀yin tí ẹ ń bá wa sanwó fún àwọn ọmọ òrúkàn, ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́.

Ẹ rántí ọkùnrin tí Ànábì rán lọ gba sàká. Ó padà dé, ó ní apá kan jẹ́ ti àwọn Mùsùlùmí, wọ́n sì fi apá kejì ta òun lọ́rẹ. Ànábì gun mínbárì, ó béèrè pé bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá jókòó sílé bàbá àti ìyá rẹ̀, ṣé ẹ̀bùn náà máa bá a níbẹ̀? Ìbéèrè yìí kan àwa tí a ń kọ̀wé ẹgbẹ́ gan-an. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a gba owó sàká lọ́wọ́ ẹnìkan, a kọ ọ́ sínú ìwé kékeré, a kò já rìsíìtì. Kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́. Owó ilé-ìwé ọmọ méjì ni a fi san. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni náà wá béèrè, ẹnu lásán ni a ní. Kò fi owó sọ́wọ́ wa mọ́ láti ìgbà náà, a kò sì lè bá a wíjọ́.

Ẹ má rò pé a wá yin ènìyàn lásán o. Ní oṣù karùn-ún 2025, JAMB ṣe àṣìṣe ńlá. Wọn kò tún ètò kọ̀ǹpútà tó ń gba ìdáhùn ṣe bó ti yẹ fún Èkó àti ìlà-oòrùn gúúsù. Ilé ìdánwò 157 ló kàn, 65 nínú wọn wà ní Èkó níbí, akẹ́kọ̀ọ́ 379,997. Ọmọbìnrin kan tí ẹgbẹ́ wa ń tọ́jú wà nínú wọn. Ọjọ́ tí èsì jáde, kò jẹun. Ìyá rẹ̀ ló pè wá lálẹ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà, Oloyede jókòó síwájú àwọn oníròyìn ní Abuja, ó ní òun ni kí wọ́n di ẹ̀bi náà rù, ó sì sunkún. Àwọn kan bínú sí i, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Ẹkún kò dá máàkì padà. Láti ọjọ́ 16 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí tún ìdánwò náà ṣe, ọmọ wa náà sì tún un ṣe.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, láti Jímọ̀ tó ń bọ̀, a ó máa lẹ ìwé owó sàká mọ́ ara pátákó lẹ́yìn ìrun: iye tó wọlé, iye tó jáde, àti ohun tí a fi ṣe. Ẹni tí kò bá rí owó tirẹ̀ níbẹ̀, kí ó mú rìsíìtì rẹ̀ wá. Ẹni tí a kò já rìsíìtì fún, kí ó tètè wá bá wa.