Wúrà Ìjẹ̀ṣà, Ẹja Ẹ̀pẹ́

Láti Itamaga, ní Ìkòròdú, ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fẹ́ ra ẹja lọ́wọ́ màmá kan tó máa ń kó ọjà wá láti ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́. Mo mú ẹja kan, mo yí i síhìn-ín, mo yí i sọ́hùn-ún. Mo ní, “Màmá, ṣé ẹja yìí dáa? Wọ́n ní àwọn tó ń wa wúrà ti ba omi Ọ̀ṣun jẹ́.” Wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Ọmọ mi, Òṣogbo ni Ọ̀ṣun wà. Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ra ẹja tèmi.”

Mo délé, mo ṣí máàpù lórí fóònù. Ẹ̀yin náà ẹ ṣe é. Ẹ fi ìka tọ odò Ọ̀ṣun láti Òṣogbo, ẹ máa bọ̀ nísàlẹ̀, ẹ gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá. Ibo ló parí sí? Inú ọ̀sà Lẹ́kí, nítòsí Ẹ̀pẹ́. Ọ̀sà yẹn ló tún so mọ́ ọ̀sà Èkó tó wà nítòsí wa níbí.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ lókè odò? Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, àwọn awakùsà, tí ọ̀pọ̀ wọn ò ní ìwé àṣẹ, ń gbẹ́ etí odò, wọ́n ń fi omi ṣan yẹ̀pẹ̀ kí wúrà lè yọ. Ẹrẹ̀ ibẹ̀ ló sọ omi Ọ̀ṣun di bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Lọ́dún 2021, àjọ Urban Alert yẹ omi náà wò, wọ́n ní mercury àti òjé inú ẹ̀ kọjá ìwọ̀n. Lọ́dún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fúnra wọn kìlọ̀ pé kí àwọn tó ń bọ̀ wá ṣọdún má mu ún. Omi Igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO fi sára ogún àgbáyé lọ́dún 2005 nìyẹn o!

Mercury ni wọ́n fi máa ń kó wúrà wẹ́wẹ́ jọ. Tó bá bọ́ sínú ẹrẹ̀ odò, ó lè di májèlé tó ń wọ ara ẹja. Ẹja kékeré á jẹ ẹ́, ẹja ńlá á jẹ ẹja kékeré, àwa á wá jẹ ẹja ńlá. Sísè ò lè lé e kúrò, yíyan náà ò lè lé e. Ọpọlọ ọmọ inú oyún ló sì ń bá jà jù. Ní Minamata, lórílẹ̀-èdè Japan, báyẹn náà ni: ilé-iṣẹ́ kan da á sínú òkun, àwọn tó ń jẹ ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn, àṣírí sì tú lọ́dún 1956. Nílé níbí, ní Zamfara, lọ́dún 2010, òjé inú yẹ̀pẹ̀ wúrà pa ọmọdé tó lé ní 400.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa o. Mi ò sọ pé májèlé wà nínú ẹja Ẹ̀pẹ́. Tí mo bá fẹnu lásán sọ bẹ́ẹ̀, ọjà màmá yẹn á bàjẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àyẹ̀wò nìkan ló lè gbà wọ́n, òun náà ló lè gba àwa tó ń jẹ ẹ́.

Ìjọba àpapọ̀ ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìwakùsà, bí òfin ọdún 2007 ṣe wí. Èkó ò lè lọ lé ẹnikẹ́ni kúrò ní Ìjẹ̀ṣà. Ṣùgbọ́n ta ló ní Èkó ò lè bu omi Ẹ̀pẹ́, kó mú ẹja níbẹ̀, kó yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì gbé èsì síta fún gbogbo ayé? Ohun tó yẹ ká máa béèrè nìyẹn lọ́wọ́ àwọn aṣòfin tá a dìbò fún: èsì àyẹ̀wò, lọ́dọọdún.

Mo padà lọ bá màmá, mo fi máàpù hàn wọ́n. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, “Kí wọ́n tètè wá yẹ̀ ẹ́ wò o. Èmi náà ń jẹ nínú ẹ̀.”

Mo ra ẹja mi. Ẹ bá mi fi ètò yìí ránṣẹ́ sí ẹnì kan ní Ẹ̀pẹ́. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.