Ìròyìn Àánú: Ìrántí àti Ọpẹ́ nínú Ìgbàgbọ́ Kírísítẹ́nì
Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba fún ọ̀sẹ̀ ìkórè

Ìgbìmọ̀ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìrántí àti ọpẹ́ fún ìfẹ́ Ọlọ́run tí kì í yẹ̀. Inú ìjọ ni púpọ̀ nínú wa gbé dàgbà, nítorí náà n kò ní pẹ́ lórí ìtumọ̀.

1. Ohun tí à ń wí

Ìfẹ́ tí à ń wí yìí ni ìfẹ́ Ẹni tó bá ènìyàn dá májẹ̀mú, tí kò sì yẹ májẹ̀mú náà nígbà tí ènìyàn yẹ̀ ẹ́. Ìrántí ni pé kí a máa ròyìn ohun tí Ó ṣe létí ọmọ àti àlejò. Ọpẹ́ ni ìròyìn náà nígbà tí a bá kọjú rẹ̀ sí Ọlọ́run fúnra rẹ̀. Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ síwájú.

2. Bí Ìwé Mímọ́ ṣe ń dúpẹ́

Ẹ ka Sáàmù 136 nígbà tí ẹ bá délé. Ẹsẹ 26 ló ní, gbólóhùn kan náà lórí àánú Olúwa ló sì parí ẹsẹ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń kánjú á ní àsọtúnsọ ni. Àmọ́ ẹ wo ohun tí akọrin náà kó sínú rẹ̀: ọ̀run àti ilẹ̀, oòrùn àti òṣùpá, Íjíbítì, Òkun Pupa, aginjù, Síhónì ọba àwọn Ámórì, Ógù ọba Báṣánì, títí dé orí oúnjẹ tí gbogbo ẹ̀dá ń jẹ. Ó dárúkọ ọba, ó dárúkọ ibi. Kò kàn sọ pé Olúwa ṣeun kó sì jókòó.

Bákan náà ni Diutarónómì 26. Ẹni tó bá gbé agbọ̀n àkọ́so wá síwájú àlùfáà gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn: pé alárìnkiri ni baba ńlá òun, pé àwọn kò pọ̀ nígbà tí àwọn wọ Íjíbítì, pé wọ́n fi ìyà jẹ àwọn níbẹ̀, pé Olúwa gbọ́ igbe àwọn. Lẹ́yìn náà ni yóò tó gbé agbọ̀n sílẹ̀. Ìyà wà nínú ọpẹ́ náà, wọn kò fò ó.

Ohun tí mo wá sọ kò ju èyí lọ: ọpẹ́ tí kò ní ìtàn nínú, ariwo ni, ìtàn tó bá sì fo ibi tó korò kò tíì jẹ́rìí àánú.

3. Àjàyí ará Òṣogùn

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi mọ̀ pé bí mo bá dé ibí yìí, Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther ni mo máa mú wá. Ẹ gbà mí láyè.

Ní 1821 ni àwọn akónilẹ́rú ya wọ ìlú Òṣogùn. Wọ́n dáná sun ún, wọ́n sì kó Àjàyí, ìyá rẹ̀ àti àwọn arábìnrin rẹ̀ lọ nínú ìdè. Ọmọdékùnrin tí kò tíì pé ọmọ ọdún 15 ni. Ní Ìsẹ́yìn, wọ́n fi í dí ẹṣin kan. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, tí wọ́n sì yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ẹ̀rù àwọn Òyìnbó etí òkun bà á débi pé ó gbìyànjú láti fi ọ̀já ara rẹ̀ pokùnso lóru. Nígbẹ̀yìn wọ́n tà á fún àwọn Potogí ní Èkó. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822 ni ọkọ̀ wọn ṣí, àmọ́ ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣọ́ òkun dá a dúró, wọ́n sì kó àwọn ẹrú lọ sí Freetown ní Sàró. Níbẹ̀ ni Àjàyí ti kọ́ ìwé, tó gba Kírísítì gbọ́, tí wọ́n sì ṣe ìrìbọmi fún un ní 1825.

Ní 1837, ó kọ ìtàn ara rẹ̀ sínú lẹ́tà. Mo ti ka lẹ́tà náà láìmọye ìgbà, n kò tíì kà á kí n má dúró lórí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó mẹ́nu kan ọjọ́ tí wọ́n kó o. Ó jẹ́wọ́ pé ọjọ́ ibi lòun kà á sí nígbà náà, nítorí ọjọ́ náà ni wọ́n fi ipá lé òun jáde nílé bàbá òun. Ó wá ní nígbà tí òun wo ọ̀nà tí Ọlọ́run mú òun gbà, ọjọ́ ìbùkún lòun ń pè é. Lẹ́yìn tó sọ bẹ́ẹ̀, kò pa ìyókù mọ́. Ó ròyìn iná, okùn, ẹkún ìyá rẹ̀, ọjà àti ọkọ̀. Ó dárúkọ ìlú lọ́kọ̀ọ̀kan bí akọrin Sáàmù ṣe dárúkọ Síhónì àti Ógù.

Ẹ fi ọkàn sí ọdún náà, 1837. Ìyá rẹ̀ kò tíì sí lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá ó wà láàyè. Ọdún kẹsàn-án lẹ́yìn lẹ́tà náà, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1846, ni wọ́n tó fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25. Ìyá náà gbọ̀n, kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́, àwọn méjèèjì di ara wọn mú, wọn kò lè sọ̀rọ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1848, ìyá náà ṣe ìrìbọmi, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hánà, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì. Ọpẹ́ ọmọ ti ṣáájú ìpàdé yìí tipẹ́. Kò fi dúró de ohunkóhun.

4. Àwọn tí èrò wa kò papọ̀

Ẹgbẹ́ méjì ni mo ti ń bá jiyàn láti ìgbà èwe mi.

Àwọn kìíní wà nínú ilé ẹ̀kọ́ gíga. Wọ́n ní ọpẹ́ Àjàyí, ọpẹ́ ẹrú ni. Pé ẹni tí wọ́n jó nílé kò yẹ kó pe ọjọ́ náà ní ìbùkún. Mo bọ̀wọ̀ fún ìbínú wọn, nítorí ìwà ibi ni wọ́n ń bínú sí. Ṣùgbọ́n wọn kò ka ọkùnrin náà tán. Kò síbi tó ti yin àwọn akónilẹ́rú. Ẹni kan náà tó dúpẹ́ yìí ló dé iwájú Ọbabìnrin Victoria àti ọkọ rẹ̀ ní 1851, tó ṣàlàyé òwò ẹrú Èkó fún wọn kí wọ́n lè fòpin sí i. Ọpẹ́ kò dí i lẹ́nu. Ẹni tó mọ̀ pé Ọlọ́run kò fi òun sílẹ̀ nínú ìdè kò ní fẹ́ kí ìdè wà lọ́rùn ẹlòmíràn.

Àwọn kejì ló dùn mí jù, nítorí orí pẹpẹ ni wọ́n wà. Wọ́n mú òwe wa pé bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà, wọ́n sì sọ ọ́ di òfin Ọlọ́run. Òwe náà dára, ìwà ọmọlúàbí ló ń kọ́ ọmọ. Àmọ́ bí a bá gbé e lọ bá Ọlọ́run, ọpẹ́ di owó àsansílẹ̀ fún oore tó ń bọ̀. Mo bi wọ́n: oore wo ni Àjàyí ń retí ní 1837? Àwọn tí ọkọ̀ ogun kò bá lójú òkun, tí wọ́n gbé kọjá lọ sí Bràsíìlì àti Kúbà, ṣé àwọn kò mọ ọpẹ́ ẹ dá ni? Ẹnu ẹni tó bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni wúwo. Ìwé Ẹkún Jeremáyà sọ nípa àánú Olúwa tó ń jẹ́ tuntun láràárọ̀, orí àlàpà Jerúsálẹ́mù ló sì ti sọ ọ́, lẹ́yìn tí àwọn ará Bábílónì ti wó tẹ́ńpìlì. Kò sí oore kankan nílẹ̀ níbẹ̀ tí ọpẹ́ lè rà. Ìfẹ́ tí kì í yẹ̀ nìkan ló kù.

5. Ìkórè wa

Ẹ̀yin ará, ẹ má bínú sí mi. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, iṣu, àgbàdo, adìyẹ àti ewúrẹ́ là ń gbé wá síwájú pẹpẹ, a ó sì tà wọ́n ní gbàǹjo. Ìyá mi àgbà kì í gbé ti rẹ̀ sílẹ̀ kó má kọ́kọ́ sọ ohun tí ọdún náà jẹ́ fún un, títí kan òkú tó sin. Ìjọ á dákẹ́, wọn á gbọ́. Lónìí, àpò ìwé owó ni. A ń pe àwọn ènìyàn jáde ní iye tí wọ́n mú wá, ìlù á sọ, fóònù á máa ya fọ́tò, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tí Olúwa ṣe fún ẹni tó ń jó. Opó tó mú díẹ̀ wá ń gba ẹ̀yìn wọlé. Kò dára.

6. Tábìlì Olúwa

Lóru ọjọ́ tí wọ́n fi Jésù hàn, ó mú àkàrà, ó dúpẹ́, ó sì ní kí wọ́n máa ṣe é ní ìrántí òun. Ọpẹ́, ìrántí àti ìyà pàdé lórí tábìlì kan. Ohun tí mo ti ń wí láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

7. Ìparí

Ohun méjì ni mo bẹ̀ yín. Kí ìjọ yìí ra ìwé ńlá kan, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan kọ ohun tí Olúwa mú wọn là kọjá sínú rẹ̀, ti adùn àti ti ìkorò. Ní ìkórè ọ̀la, kí a tó ka owó kankan, kí ẹnì kan dìde ròyìn, kí ìjọ sì dáhùn pẹ̀lú Sáàmù 136. Ẹ kọ́kọ́ pe àwọn opó ìjọ síwájú. Ìtàn wà lẹ́nu wọn, a kàn kò tíì bi wọ́n ni.